Àlejò Níwájú Òfin: Ẹ̀tọ́ Àwọn Ẹ̀yà Tí Kò Pọ̀ ní Tésàn àti ní Kóòtù Ìbàdàn

Ìbàdàn jẹ́ ìlú Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn Yorùbá nìkan ni wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Àwọn Hausa ti ní àdúgbò tiwọn ní Sábó láti ọdún 1916, àwọn Igbo ń ṣòwò láti Ìwó Road títí dé Dùgbẹ̀, àwọn Ebira, Egede àti Tiv ń ṣiṣẹ́ oko ní àyíká Ìdó àti Akínyẹlé, àwọn Fulani ń da ẹran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n wá láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo ń bá wa ṣiṣẹ́ nínú ilé, ní ilé oúnjẹ àti níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ọjà bá ń lọ déédéé, kò sí ẹni tí í bi ẹnikẹ́ni léèrè ìlú tí ó ti wá. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ti ọlọ́pàá tàbí ti kóòtù ni ìyàtọ̀ máa ń yọjú, tí ẹni tí kò gbọ́ èdè, tí kò ní mọ̀lẹ́bí nítòsí, tí kò sì mọ ẹnì kankan ní ọ́fíìsì ìjọba, yóò wá rí i pé ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn fi wákàtí díẹ̀ yanjú lè gba òun ní ọ̀pọ̀ oṣù.

Mo kọ àlàyé yìí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́ fún àwa tí a bí sílùú pẹ̀lú, nítorí pé àwa ni aládùúgbò, ọ̀gá, lánlọ́ọ̀dù àti oníbàárà rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀tọ́ tí àwọn ènìyàn rò pé ìjọba kò tíì ṣòfin lé lórí ni ó ti wà nínú ìwé òfin tipẹ́tipẹ́. Ibi tí ẹ̀tọ́ náà ti ń bọ́ sọnù ni wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ní tésàn, kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan tí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú: ǹjẹ́ òfin fún ọmọ bíbí ìlú ní ẹ̀tọ́ kan níwájú ọlọ́pàá tàbí adájọ́ tí kò fún àlejò? Kò fún un rárá. Abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà kankan, a kò sì gbọ́dọ̀ fi àǹfààní kan ṣojúsàájú fún un, nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ibi tí ó ti wá, ẹ̀sìn rẹ̀, èrò rẹ̀ lórí òṣèlú, tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Abala 41 fún un ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibi tí ó bá wù ú ní Nàìjíríà, abala 43 sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi. Ìwé-ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fún ènìyàn lè ní ìwúlò tirẹ̀ níbi tí a bá ti ń wá iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tí ó ní àṣẹ láti béèrè rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí nínú àwọn abala wọ̀nyí. Àwọn abala 41, 42 àti 43 dárúkọ ọmọ Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n abala 34, tí ó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìyà tàbí ìwọ̀sí kan ènìyàn, abala 35, tí ó ní í ṣe pẹ̀lú ìmúni àti àtìmọ́lé, àti abala 36, tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìgbẹ́jọ́, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n ń dáàbò bò, ibi yòówù kí ó ti wá. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ọmọbìnrin ará Togo tí ó ń ṣiṣẹ́ ilé ní Bódìjà pé ó jí ẹ̀gbà ọrùn ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti mọ ẹ̀sùn náà, láti rí ògbufọ̀, láti bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ àti láti dé iwájú adájọ́ lásìkò kò fi ìka kan kéré sí ti ọ̀gá rẹ̀ tí ó fi ẹjọ́ sùn. Bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò bá pé, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sì sọ ọ́ di olè.

Ẹ wá fojú inú wo kántà tésàn kan ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Alábàárù kan tí ó máa ń já alùbọ́sà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ṣáṣá ni wọ́n mú wá, nítorí pé àpò méjì dín nínú ẹrù oníṣòwò kan, òun sì ni wọ́n rí kẹ́yìn nídìí ọkọ̀. Hausa ni èdè rẹ̀; Yorùbá tí ó gbọ́ kò ju èyí tí a fi ń ná ọjà, tí a fi ń ka owó, tí a fi ń sọ pé kí ènìyàn gbé ẹrù tàbí kí ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọlọ́pàá tí ó wà nídìí kántà yọ bébà kan tí wọ́n ti tẹ ìkìlọ̀ sí lókè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé kò pọn dandan kí afurasí sọ ohunkóhun, àti pé ohun tí ó bá sọ lè di ẹ̀rí ní kóòtù. Ó ń bi í ní Yorùbá, alábàárù ń dáhùn ní Yorùbá ọjà, ọlọ́pàá ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí bébà fi kún, wọ́n gbé yíǹkì wá, ó tẹ àtàǹpàkò sí i. Kò sí ẹni tí ó lù ú, kò sí ẹni tí ó tilẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Síbẹ̀, bébà tí ẹnikẹ́ni kò kà sí i létí ní èdè tí ó yé e ni yóò máa tẹ̀lé e láti tésàn dé kóòtù Májísíréètì ní Ìyágankú, bóyá títí dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi.

Òfin ti sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ nídìí kántà yẹn. Abala 35 ní kí a fi ìdí tí a fi mú ènìyàn tó o létí, ní àkọsílẹ̀, láàrin wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́. Abala yìí kan náà fún un ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, kí ó má sì dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ yàn sọ̀rọ̀. Apá ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí kò ní lọ́yà ṣì lè ní kí wọ́n pe Serikí àdúgbò òun, ìmáàmù, pásítọ̀, ẹ̀gbọ́n tí ó mú un wá sílùú, tàbí ìyá ọlọ́jà tí ó ń bá ṣiṣẹ́. Òfin kò béèrè ìwé-ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, tí ó de gbogbo tésàn ní Nàìjíríà, tún ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Afurasí tí ó bá fẹ́ sọ tẹnu rẹ̀ ni a ó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. A lè gbà á níṣojú agbẹjọ́rò rẹ̀, òṣìṣẹ́ Legal Aid Council (àjọ ìjọba tí ń fún aláìní ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́), òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, tàbí ẹlòmíràn tí ó bá fẹ́. Bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni yóò kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tí yóò kà á sí i létí títí yóò fi yé e, tí yóò sì kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó buwọ́ lù ú. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 ti là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe irú òfin náà tirẹ̀ ní ọdún 2016. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé bí wọ́n bá lo ògbufọ̀ láti gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan sílẹ̀, ògbufọ̀ náà ní láti wá jẹ́rìí ní kóòtù. Bí kò bá wá, àgbọ́sọ lásán ni ohun tí ó wà nínú bébà. Ọlọ́pàá tí kò bá wá ògbufọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú afurasí, ẹjọ́ ìjọba ni ó ń ba jẹ́, àti ti oníṣòwò tí àpò alùbọ́sà rẹ̀ dín.

Nítorí náà, gbólóhùn mẹ́ta ni mo ń rọ gbogbo ẹgbẹ́ àlejò ní ìlú yìí láti kọ́ àwọn ènìyàn wọn ní Yorùbá, kí wọ́n lè sọ ọ́ bí wọ́n tilẹ̀ ń gbọ̀n: “Mi ò gbọ́ èdè yìí dáadáa. Ẹ bá mi wá ògbufọ̀. Mo fẹ́ bá èèyàn mi sọ̀rọ̀ kí n tó sọ ohunkóhun.” Kí wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n má jà, kí wọ́n má sì tẹ àtàǹpàkò sí bébà tí a kò tíì kà sí wọn létí. Mo mọ̀ pé ọlọ́pàá kan lè béèrè pé níbo ni òun ti fẹ́ rí ẹni tí ó gbọ́ Egede láàrin òru. Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé kí ìwé náà dúró di àárọ̀. Kò sí òfin tí ó ní kí a gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ènìyàn lóru ọjọ́ tí a mú un, òfin tí ó ní kí ọ̀rọ̀ náà yé e sì wà.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, abala 36 ní kí a ṣàlàyé ẹ̀sùn fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní kíkún, ní èdè tí ó gbọ́, kí a sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá gbọ́ èdè tí a fi ń gbẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n níbí ni ohun kan wà tí ó ti ba ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Àwọn ilé ẹjọ́ wa, títí dé èyí tó ga jù lọ, gbà pé ẹni tí èdè kò yé ni ó yẹ kí ó tètè fi tó adájọ́ létí, òun tàbí agbẹjọ́rò rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ títí ìgbẹ́jọ́ fi parí, tí ó wá ń ké ní kòtẹ́milọ́rùn pé ohun tí wọ́n sọ kò yé òun, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Ní Ìyágankú, akọ̀wé kóòtù lè ka ẹ̀sùn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ó sì béèrè bóyá ó yé olùjẹ́jọ́. Àlejò tí ẹ̀rù ń bà yóò mi orí, ìwé kóòtù yóò sì gbà pé ó yé e. Ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Kò tó kí ògbufọ̀ kan ṣáà wà níbẹ̀. Ó ní láti gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa, kò sì yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, bí ẹlẹ́rìí tàbí ẹbí olùpẹ̀jọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Àjàyí àti ìjọba ìbílẹ̀ Zaria ní ọdún 1963. Ó yẹ kí àwa Yorùbá tí a ní ọmọ ní Kano, Kaduna àti Jos máa rántí pé ibi tí a bá ti jẹ́ àlejò, ààbò yìí kan náà ni a ó sá di. Àwọn adití pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé èdè ọwọ́ ni èdè tí wọ́n gbọ́, ẹ̀tọ́ wọn sí ògbufọ̀ kò sì yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò kò ṣòro. Abala 35 ní kí a gbé ẹni tí a mú dé kóòtù láàrin ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàrin 40 kìlómítà sí ibi tí a ti mú un, tàbí kí a tú u sílẹ̀ ní béèlì. Ní Ìbàdàn, tí kóòtù wà káàkiri, ó ṣòro kí tésàn kan sọ pé tòun jìnnà. Ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, bí ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, ni ó ní ìlànà tirẹ̀. Béèlì ní tésàn jẹ́ ọ̀fẹ́, obìnrin sì lè dúró fún ènìyàn bí ọkùnrin.

Onídùúró gan-an ni ìṣòro àlejò. Adájọ́ lè ní kí ẹni méjì dúró, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ipò rẹ̀ ga, kí èkejì ní ilé tirẹ̀ ní ìlú. Ọmọ Ìbàdàn yóò rí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó ní ilé ní Bẹẹrẹ. Ọmọ Benue tí ó wá gbin ẹ̀gẹ́ ní Ìdó kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni méjì tí adájọ́ kan náà fún ní béèlì kan náà yóò ṣe gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan yóò lọ sílé, tí èkejì yóò lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń dúró de ìgbẹ́jọ́, àwọn tí wọ́n tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ẹni tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà. Òfin sọ pé ohun tí a béèrè fún béèlì kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Agbẹjọ́rò lè padà lọ bẹ adájọ́ pé kí ó dín in kù tàbí kí ó gba olórí àdúgbò gẹ́gẹ́ bí onídùúró, ó sì lè gbé ẹ̀bẹ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ọ̀pọ̀ wà ní àtìmọ́lé tí béèlì ti wà fún, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ẹ̀bẹ̀ yìí ṣeé bẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó ń rú ènìyàn lójú ni ìyàtọ̀ láàrin gbèsè àti ìwà ọ̀daràn. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ gbèsè tàbí pé ó yẹ àdéhùn. Bí ènìyàn bá jẹ owó ilé, tí owó iṣẹ́ bá kù, tí oníbàárà kò bá san owó ọjà tán, kóòtù ni ibi tí a ó gbé e lọ. Síbẹ̀, àlejò ni wọ́n máa ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà jù lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé yóò sáré san ohun tí kò jẹ pàápàá. Òfin náà sì tún kọ̀ kí a mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Bí afurasí bá sá lọ, a kò gbọ́dọ̀ mú àbúrò rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n jọ ti ìlú kan wá. Ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ọjà jóná, Yorùbá àti Hausa ni wọ́n sì jọ pàdánù. Ìdí tí òfin fi mú ẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn: bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì bá ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà méjì, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni yóò san án.

A wá dé kóòtù ìbílẹ̀, èyí tí ó sún mọ́ ènìyàn lásán jù lọ, tí ó sì ń da àlejò láàmú jù lọ. Ní Mápó àti ní àwọn kóòtù ìbílẹ̀ yòókù ní ìlú yìí ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, títọ́ ọmọ, ogún, ilẹ̀ àti gbèsè. Àlejò máa ń rò pé ìgbà tí òun bá dé ibẹ̀, àṣà Ìbàdàn ni wọ́n yóò fi dá ẹjọ́ òun, nítorí náà kò ní lọ rárá. Ìrò náà kò tọ̀nà. Ìlànà tí a jogún láti òfin kóòtù ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tẹ̀lé àṣà ibi tí ilẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ogún tẹ̀lé àṣà tí ó de ẹni tí ó kú. Nínú ọ̀rọ̀ yòókù, bí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ kì í bá ṣe ọmọ ìlú, àṣà tí ó de àwọn fúnra wọn ni kóòtù yóò wò. Tọkọtaya Ebira tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó nílé, tí wọ́n wá ń gbé Òjóò, kò di ẹni tí a ń fi àṣà Ìbàdàn tú ìgbéyàwó wọn ká nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń san owó ilé.

Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ mọ àṣà ìlú wọn. Kò sí ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n mọ àṣà Ebira tàbí Egede. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní kí ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé orí àṣà kan fi ẹ̀rí hàn pé àṣà náà wà, bí kì í bá ṣe èyí tí kóòtù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àlejò fi ní láti mú àgbà méjì tàbí mẹ́ta láti ìlú rẹ̀ lọ́wọ́ bí ó bá ń lọ, àwọn tí wọ́n lè dúró ṣàlàyé bí wọ́n ti ń dá owó orí ìyàwó padà, tàbí ẹni tí ó ń tọ́jú ọmọ. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí àlejò rò pé wọ́n fi ojúsàájú dá fún òun, àìsí ẹlẹ́rìí àṣà ni ó pa á. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè gbọ́ ohun tí kò sí ẹni tí ó wá sọ ọ́.

Àṣà ẹni kò sì jẹ́ ohun tí a kò lè yí padà. Ní ọdún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Olówu, ọ̀rọ̀ ogún ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí ó ti gbé ní Benin fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó fẹ́ obìnrin ibẹ̀, tí wọ́n sì ti gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ Benin nígbà ayé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà ní àṣà Benin ni yóò darí ogún rẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti yàn án. Gbígbé ìlú nìkan kọ́ ló mú kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe láti di ọmọ ibẹ̀ ni. Àṣà kò sì lè borí ìwé òfin. Ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, ọ̀rọ̀ ogún ọkùnrin Igbo kan tí ó kú ní Èkó, ilé ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé àṣà tí ó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ tako abala 42. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọbìnrin Igbo ní Ìwó Road gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tí ó ní ìfẹ́ wọn, kí ìpàdé ẹbí tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdájọ́ tí a dá ní Abuja kò dé ibi tí wọ́n ti ń pín ilé àti ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tí a dá a fún kò rí nǹkan kan gbà.

Ọ̀pọ̀ àlejò kì í lọ sí kóòtù rárá. Ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀yà wọn ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, bóyá Serikí ní Sábó ni o, tàbí olórí àwọn Igbo. Mo gbà pé ohun rere ni, nítorí ó yá, kò náni lówó, èdè sì yéni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà gba irú ìparí ìjà bẹ́ẹ̀ wọlé bí àwọn méjèèjì bá fínnúfíndọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wọn wá, tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn yóò tẹ̀lé ohun tí àgbà bá sọ, tí àgbà náà parí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, tí kò sì sí ẹni tí ó yọwọ́ kí ó tó parí. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀, lílu ìyàwó ní àlùbolẹ̀ àti fífi ọmọdé ṣòwò. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àgbà kankan lè parí nínú ilé, bí ó ti wù kí ó ṣe ojú tì ẹbí tó. Obìnrin tí ó wà nínú ẹ̀yà tí kò pọ̀ ni àìdọ́gba ti ká mọ́ láti ìta àti láti inú ilé. Bí a bá sọ pé kí ó máa lọ bá olórí ẹ̀yà rẹ̀ nìkan, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni a dí yẹn.

Níbo wá ni ènìyàn lè lọ láìsan owó? Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí òfin ọdún 2011 sì ń darí báyìí, ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí owó tí ó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà lọ, èyí tí ó jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024, ni ó ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò wọn, pàápàá lórí àwọn ẹ̀sùn bí olè, ìjà, ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀, àti lórí ìjà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Alábàárù, agbàṣe oko àti ọmọ ọ̀dọ̀ kì í ní ìwé owó oṣù. Kí wọ́n má tìtorí ìyẹn padà sẹ́yìn, kí wọ́n ṣáà ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àwọn obìnrin lè lọ sí Women’s Law Clinic ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, ẹ̀ka ti Ìbàdàn, ní àwọn tí ń gba ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣe, Àjọ Tó Ń Rí sí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ sì ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn lójú mọ́lẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga ni ibi tí a ó lọ, lábẹ́ ìlànà ọdún 2009 tí ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti pe ẹjọ́ nítorí ẹni tí kò lè pè é fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ Egede tàbí ẹgbẹ́ àwọn adití lè pe ẹjọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn, bí ó tilẹ̀ pẹ́ tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí wọ́n sì tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti sí pé kí àwọn tí wọ́n tì í mọ́lé tọrọ àforíjì ní gbangba. Abala 35 ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ní ìlú yìí, n kò ní béèrè òfin tuntun. Ohun tí mo fẹ́ ni kí tésàn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tí wọ́n gbọ́ Hausa, Fulfulde, Igbo, Ebira, Tiv, Egede, Faransé àti èdè ọwọ́, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀yìn kántà, kí owó ọkọ̀ ẹni tí ó bá wá sì wà nínú ìṣúná, kí ó má di pé ẹbí afurasí ni yóò san án. Kí akọ̀wé kóòtù ní Ìyágankú ní irú ìwé náà pẹ̀lú, kí adájọ́ máa béèrè èdè tí olùjẹ́jọ́ gbọ́ kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn sí i létí, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wọ inú ìwé kóòtù. Kí a tó rí ìjọba tí yóò ṣe é, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n ń ṣe ìpàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Sábó, ní Òjóò àti ní Ìdó lè kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tí wọ́n gbọ́ èdè wọn àti Yorùbá dáadáa, kí wọ́n mú un lọ fún DPO (ọ̀gá tésàn) àdúgbò wọn pẹ̀lú lẹ́tà, kí wọ́n gba ìwé pé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́.